Afárá Victoria Falls: àwọn ìbéèrè tó máa ń wá nípa afárá reluwé orí odò Zambezi, àti ìdáhùn wọn

Tí wọ́n bá ti dárúkọ Victoria Falls báyìí, omi yẹn nìkan lọkàn gbogbo ayé ń lọ sí. Èmi ò bá omi jà o, omi yẹn tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n afárá irin kan wà níwájú ẹ̀ tí wọ́n ti kọ́ láti 1905, tí tíréènì ṣì ń gbà kọjá títí di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ó sì jọ pé ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ nípa ẹ̀ ò ju pé wọ́n ń so okùn mọ́ èèyàn lẹ́sẹ̀ kó máa bẹ́ láti orí ẹ̀. Mo kó àwọn ìbéèrè tó máa ń wá jọ síbí. Àwọn ìdáhùn kan gùn, àwọn kan ò gùn, èyí tí ò bá kàn yín ẹ fò ó.

Níbo gan-an ni afárá yìí wà?

Lórí odò Zambezi, láàárín ìlú Victoria Falls ní Zimbabwe àti ìlú Livingstone ní Zambia. Àárín afárá gan-an ni bọ́dà orílẹ̀-èdè méjèèjì.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bí ibẹ̀ ṣe rí, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé orí omi tó ń já yẹn gangan ni wọ́n kọ́ ọ sí, bẹ́ẹ̀ kọ́. Odò Zambezi fẹ̀ gan-an lókè, ó fẹ̀ tó mítà 1,708 níbi tó ti ń já, ó wá já bọ́ sínú ọ̀gbun tóóró kan lẹ́ẹ̀kan náà, nǹkan bíi mítà 108 sísàlẹ̀. Gbogbo omi tó já yẹn, ihò kékeré kan ṣoṣo ló rí gbà jáde, ó máa fún ara ẹ̀ kọjá níbẹ̀ tòun ti ariwo, á dé kòtò kan tí wọ́n ń pè ní Boiling Pot níbi tó ti máa ń pòyì, á wá ṣẹ́rí kíá wọnú ọ̀gbun kejì. Orí ọ̀gbun kejì yìí ni afárá wà. Tí ẹ bá dúró lórí ẹ̀ tẹ́ ẹ kọjú sápá ibi tómi ti ń bọ̀, ẹ máa rí díẹ̀ lára omi tó ń já náà níwájú, ẹ máa rí Boiling Pot nísàlẹ̀, tí atẹ́gùn bá sì fẹ́ sí yín, ẹ máa tutù.

Àwọn ọ̀gbun náà ò tán síbẹ̀ o, wọ́n ń bá a lọ ní kọ́lọkọ̀lọ, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì. Ohun tó fà á ni pé àpáta ibẹ̀, basalt ni, líle ni, àmọ́ ó ní àwọn ibi tó ti sán, ibi tó sán yẹn lomi máa ń gbẹ́. Láti ọdún gbọ́nhan lomi ti ń jẹ àpáta yìí padà sẹ́yìn, gbogbo ọ̀gbun tẹ́ ẹ̀ ń rí yẹn, omi ti já níbẹ̀ rí kó tó sún sẹ́yìn débi tó wà lónìí.

Ó ga tó báwo?

Láti orí afárá dé ojú omi nígbà tómi bá fà, mítà 128 ni. Cocoa House tó wà ní Ìbàdàn, mítà 105 ni, tí wọ́n bá gbé e kalẹ̀ sáàárín ọ̀gbun yẹn, orí ẹ̀ ò ní kan irin. Gígùn afárá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin jẹ́ mítà 198, ọrun irin tó gbé e dúró fúnra ẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi mítà 156 láti ẹsẹ̀ kan dé èkejì. (Mò ń pè é ní ọrun irin torí ó tẹ̀ bí ọrun tí ọdẹ fi ń ta ọfà, ibi tó tẹ̀ kọjú sókè. Kẹ́ ẹ má rò pé ọ̀run alákeji ni mò ń wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá wolẹ̀ látorí ẹ̀ lè rò bẹ́ẹ̀.)

Ta ló sọ pé ibẹ̀ ni kí wọ́n kọ́ ọ sí? Ṣé wọn ò rí ibòmíràn ni?

Cecil Rhodes ni, òyìnbó olówó dáyámọ́ńdì tí wọ́n forúkọ ẹ̀ sọ Rhodesia, ìyẹn ilẹ̀ tó di Zimbabwe àti Zambia lónìí. Ó fẹ́ kí ojú irin kan ṣoṣo gbéra ní Cape Town kó lọ já sí Cairo, kí gbogbo ọ̀nà náà sì wà lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni wọ́n ní ó pàṣẹ pé kí wọ́n gbé afárá síbi tí omi tó ń fọ́n látara Victoria Falls á ti máa kan tíréènì bó bá ń kọjá. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn, wọ́n máa ń kọ ọ́ sára gbogbo pátákó tí wọ́n fi ń pe àwọn arìnrìn-àjò, àmọ́ Rhodes ò fojú ara ẹ̀ rí Victoria Falls rí. Ó kú ní oṣù kẹta 1902, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Tẹ́ ẹ bá bi èmi, ẹwà kọ́ ló gbé ojú irin débẹ̀, èédú ni. Ọ̀nà mìíràn ni wọ́n kọ́kọ́ fọkàn sí, wọ́n fẹ́ gba apá Salisbury, ìyẹn Harare tòde òní, kí wọ́n máa gòkè lọ. Àfi bí wọ́n ṣe rí èédú ní Wankie tá a wá ń pè ní Hwange báyìí, tíréènì ìgbà yẹn sì rèé, èédú ló ń jẹ, tójú irin ò bá sì sún mọ́ èédú ìnáwó ni, ni wọ́n bá darí ẹ̀ láti Bulawayo gba Hwange. Ó dé Hwange ní 1903, ó dé etí Victoria Falls ní 1904. Lódìkejì odò ẹ̀wẹ̀, òjé àti síńkì ń bẹ ní Broken Hill, ìyẹn Kabwe, kọ́pà sì kún Katanga ní Congo lọ́hùn-ún. Afárá parí ní 1905, ojú irin wọ Kabwe ní 1906, nígbà tó máa di 1910 ó ti wọ Katanga. Kò dé Cairo o, kò dé Cairo dòní. Ṣé ẹ rí i báyìí? Ibi tí ohun àmúṣowó wà ló lọ, nígbà tó dé ibẹ̀ ó dúró.

Ó yẹ kí n fi kún un pé àwọn òyìnbó kan gan-an láyé ìgbà yẹn bínú, wọ́n ní irin máa ba ojú ibẹ̀ jẹ́. Mo gbà pé wọn ò jẹ̀bi láti rò bẹ́ẹ̀, àmọ́ èmi rò pé ọgbọ́n àwọn tó yà á ló gba afárá yẹn là, torí ó fúyẹ́ lójú, èèyàn ń rí àárín irin kọjá sí àpáta lẹ́yìn, ká ní òpó sìmẹ́ńtì gìrìwò gìrìwò ni wọ́n rì síbẹ̀ ni, ẹjọ́ ò bá pọ̀.

Àwọn tó nilẹ̀ ńkọ́?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nìyí, torí ìtàn tí wọ́n ń sọ fún àwọn arìnrìn-àjò máa ń bẹ̀rẹ̀ látorí David Livingstone, òyìnbó míṣọ́nnárì tó débẹ̀ ní oṣù kọkànlá 1855, bí ẹni pé ilẹ̀ òfìfo ló bá. Àwọn Leya ló wà lápá tó di Zambia, Mukuni sì ni oyè ọba wọn, ó ṣì wà títí dòní, ìlú ẹ̀ ò jìnnà sí afárá. Etí omi yẹn jẹ́ ibi ètùtù àti ìrúbọ fún wọn tipẹ́tipẹ́. Mosi-oa-Tunya ni àwọn Kololo ń pe omi náà kí Livingstone tó fi orúkọ ọbabìnrin ẹ̀ sọ ọ́, orúkọ àbáláyé yẹn sì ni Zambia ń lò fún ọgbà ìjọba tó wà níbẹ̀ báyìí.

Ṣáájú afárá, òkè odò níbi tí wọ́n ń pè ní Old Drift làwọn èèyàn ti ń sọdá pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi. Àwọn òyìnbó oníṣòwò tẹ̀dó síbẹ̀, ibà ń pa wọ́n bí nǹkan míì, nígbà tójú irin dé ni wọ́n kó kúrò lọ síbi gíga tó di ìlú Livingstone, ìlú yẹn ló sì wá di olú-ìlú Northern Rhodesia, ìyẹn Zambia, láti 1911 títí dé 1935.

Kí ló dé tí ò sí òpó kankan láàárín?

Ẹ fi òpó síbo? Nínú omi yẹn? Omi tó ń bọ̀ láti Boiling Pot, tó ń gbé òkúta, tó máa ń kún tó sì máa ń fà láàárín ọdún kan náà. Kí wọ́n tiẹ̀ tó ronú òpó, òpó yẹn gbọ́dọ̀ ga ju mítà 100 lọ.

Ọrun irin ò nílò ẹ̀. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé: tí tíréènì bá gun afárá, ìwúwo ẹ̀ máa wálẹ̀ sórí ọrun irin, àmọ́ torí pé irin náà tẹ̀, ìwúwo yẹn ò lè já tààrà sísàlẹ̀, ńṣe ló máa gba ara irin lọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, á máa ti àpáta. Bí ẹrù ṣe ń wúwo sí i ni irin á máa fún ara ẹ̀ mọ́ àpáta sí i. Nítorí náà ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí àpáta ẹ̀gbẹ́ méjèèjì le, basalt ibẹ̀ sì le dáadáa, ọ̀gbun náà fúnra ẹ̀ ló di ìpìlẹ̀ afárá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ́lé rí mọ iye tí ìpìlẹ̀ ń jẹ.

Ẹsẹ̀ ọrun irin náà ò lẹ̀ gan mọ́lẹ̀ o. Wọ́n gbé e jókòó sórí irin róbótó tó jẹ́ kó lè yí díẹ̀, bíńtín báyìí, torí oòrùn ibẹ̀ máa ń mú irin wú, òru sì máa ń mú un súnkì, ká ní wọ́n dì í gan ni, irin á máa jà pẹ̀lú àpáta lójoojúmọ́.

Báwo ni wọ́n ṣe kọ́ nǹkan yìí láyé 1904, tí ò sí kireeni ńlá?

Ilé iṣẹ́ Cleveland Bridge ní Darlington, nílẹ̀ England, ló rọ irin náà. Wọ́n tò ó pọ̀ nínú àgbàlá wọn níbẹ̀ ná láti rí i pé gbogbo ihò bá ara mu, wọ́n wá tú u palẹ̀, wọ́n kó o sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí Beira ní Mozambique, láti Beira ni reluwé ti gbé e gba Salisbury àti Bulawayo dé etí ọ̀gbun. Ẹ wò ó, irin tí ò bá bá ara mu, kò sí pé kí wọ́n ránṣẹ́ lọ mú òmíràn lọ́la.

Ẹnjiníà ará Faransé kan tó ń jẹ́ Georges Imbault ló darí iṣẹ́ lójú ọ̀gbun. Ìṣòro àkọ́kọ́ ni bí wọ́n ṣe máa dé òdìkejì pẹ̀lú ẹrù. Wọ́n fi rọ́kẹ́ẹ̀tì ta okùn tẹ́ẹ́rẹ́ sọdá, wọ́n fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ fa èyí tó nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ, títí wọ́n fi na wáyà irin ńlá láti bèbè kan dé èkejì, wọ́n wá gbé ẹ̀rọ oníná kan lé e lórí tó ń rìn lórí wáyà yẹn lọ bọ̀, tó lè gbé ẹrù tó tọ́ọ̀nù 10. Àwọn èèyàn náà ń gbà á sọdá, wọ́n máa jókòó sínú àga kékeré kan tó rọ̀ sára wáyà pẹ̀lú ọ̀gbun nísàlẹ̀ wọn. Kì í ṣe irin afárá nìkan ló gbé o, irin tí wọ́n fi ń tẹ́ ojú irin lọ sápá àríwá náà gba orí wáyà yẹn kọjá, kí wọ́n lè máa bá iṣẹ́ lọ níwájú láì dúró de afárá.

Ọrun irin wá ńkọ́? Kò sí ibi tí wọ́n fẹ́ ri igi sí láti gbé e dúró látìsàlẹ̀, ọ̀gbun ti jìn jù. Nítorí náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti bèbè méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń to irin lé ara wọn síwájú díẹ̀díẹ̀ lójú òfuurufú, ìdajì láti ọ̀dọ̀ Zimbabwe, ìdajì láti ọ̀dọ̀ Zambia. Kí ìdajì kọ̀ọ̀kan má baà já sínú omi, wọ́n gbẹ́ ihò sínú àpáta lẹ́yìn, wọ́n fi wáyà irin gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n fi dè é mọ́ ẹ̀yìn. Ìyẹn ni pé ní gbogbo oṣù tí wọ́n fi ń ṣe é, okùn ló di ìdajì afárá kọ̀ọ̀kan mú.

Iṣẹ́ lójú ọ̀gbun gba nǹkan bí oṣù 14. Àwọn oníṣẹ́ irin díẹ̀ wá láti England, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbẹ́ àpáta tó sì ń ru ẹrù jẹ́ ọmọ Áfíríkà, orúkọ wọn ò sì sí lára pátákó kankan. Ìtàn kan wà tí wọ́n máa ń sọ, pé nígbà tí wọ́n ta nẹ́ẹ̀tì sábẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ kọ̀ wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní nẹ́ẹ̀tì yẹn fi hàn pé ọ̀gá ń retí kí àwọn já bọ́. Èmi ò rí ohun tó burú nínú èrò yẹn.

Mo gbọ́ pé irin náà gùn jù lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ so ó pọ̀, òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni wọ̀n ọ́n ṣì. Ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù kẹta 1905 ni, ìdajì méjèèjì ti dé àárín, wọ́n fẹ́ fi irin tó kù dí ojú ẹ̀, ni wọ́n bá rí i pé ó fi bí ínǹsì kan àti díẹ̀ gùn jù, kò wọlé. Oòrùn ọ̀sán ló mú gbogbo irin náà wú. Wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n lọ sùn. Lóru ilẹ̀ tutù, irin súnkì, nígbà tílẹ̀ máa mọ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin, ó wọlé wẹ́rẹ́, wọ́n sì dì í pa. Ohun tó wú mi lórí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé láti Darlington ni wọ́n ti ṣírò ẹ̀, pẹ̀lú bébà àti pẹ́ńsù, fún ilẹ̀ tí oòrùn ẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí tiwọn.

Ta ló ya àwòrán ẹ̀?

George Andrew Hobson, nílé iṣẹ́ Sir Douglas Fox and Partners ní London. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà lábẹ́ ẹ̀ níbẹ̀ tó bá a ṣe nínú ìṣírò, Ralph Freeman, òun ló wá ṣiṣẹ́ lórí afárá Sydney Harbour ní Ọsirélíà lẹ́yìn náà, èyí tí wọ́n ṣí ní 1932. Ẹ gbé fótò méjèèjì síra wọn, ẹ máa rí i pé ẹbí ni wọ́n.

Ta ló ṣí i?

George Darwin, ọ̀jọ̀gbọ́n, ọmọ Charles Darwin tí gbogbo ayé mọ̀, ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án 1905.

Ṣé mọ́tò ń gbà á, àbí tíréènì nìkan?

Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ, tíréènì nìkan ni, ojú irin méjì ló wà lórí ẹ̀. Nígbà tó di 1929 sí 1930 wọ́n gbé ojú ẹ̀ ga sí i, wọ́n fẹ̀ ẹ́, wọ́n yọ ojú irin kan kúrò, wọ́n fi títì mọ́tò àti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ rọ́pò. Bó ṣe wà nìyẹn títí di báyìí: tíréènì, mọ́tò, kẹ̀kẹ́, àti ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, gbogbo wọn lórí afárá kan náà. Kò fẹ̀ rárá, tírélà kan bá ti gùn ún, àwọn tó kù á ní sùúrù. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí afárá Kazungula láàárín Zambia àti Botswana ní 2021, tí òun náà ní títì àti ojú irin, ọ̀pọ̀ ẹrù ti rí ọ̀nà míì gbà.

Ẹ̀gbọ́n, ẹnì kan sọ fún mi pé wọ́n ṣèpàdé ìjọba lórí afárá yìí nínú tíréènì. Àlọ́ ni àbí òótọ́?

Òótọ́ pọ́ńbélé. Oṣù kẹjọ 1975 ni.

Bọ́rọ̀ ṣe jẹ́ ni pé Zambia ti gbòmìnira ní 1964, àwọn òyìnbó Rhodesia, ìyẹn Zimbabwe òde òní, lábẹ́ Ian Smith sì kéde òmìnira tiwọn ní 1965 kí aláwọ̀ dúdú má baà ṣèjọba. Afárá yìí wá di ojú ààlà láàárín àwọn tó kórìíra ara wọn. Ní 1973 Smith ti bọ́dà pa, ó rò pé òun á fi tẹ Zambia lórí ba, kò pẹ́ ló ní òun fẹ́ ṣí i, Kaunda, ààrẹ Zambia, ní rárá, ẹ jẹ́ kó wà ní títì. Ó dá wọn lóró o, torí kọ́pà Zambia ń gba gúúsù lọ sójú òkun, wàhálà yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí reluwé TAZARA tí àwọn Ṣáínà bá wọn kọ́ lọ sí Dar es Salaam ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. 1978 ni Zambia tó tún bẹ̀rẹ̀ sí gba gúúsù kó ẹrù.

Láàárín gbogbo rògbòdìyàn yìí ni Kaunda àti Vorster, olórí ìjọba South Africa, fi ní kí Smith àti àwọn olórí aláwọ̀ dúdú jókòó sọ̀rọ̀. Níbo ni kí wọ́n jókòó? Smith ò fẹ́ jáde kúrò ní Rhodesia, àwọn tó kù ò fẹ́ wọ Rhodesia, ẹ̀rù ẹ̀wọ̀n ń bà wọ́n. Ni wọ́n bá gbé ọkọ̀ reluwé South Africa kan dúró sáàárín afárá, bọ́dà gba àárín ẹ̀ kọjá, Smith àti àwọn ènìyàn ẹ̀ jókòó sápá Rhodesia, Bíṣọ́ọ̀bù Abel Muzorewa, Joshua Nkomo, Ndabaningi Sithole àti àwọn tó kù jókòó sápá Zambia, tábìlì kan náà, orílẹ̀-èdè méjì. Ọjọ́ kan péré ni wọ́n fi sọ ọ́, kò yọrí sí nǹkan kan, torí Smith ò gbà pé kí àwọn olórí tó wà nígbèkùn padà wálé láìsí pé wọ́n mú wọn. Ogun bẹ̀rẹ̀ padà. Zimbabwe ò gbòmìnira títí di 1980.

Ṣé tíréènì ṣì ń kọjá lórí ẹ̀ báyìí?

Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn tíréènì ẹlẹ́rù, wọ́n máa ń rọra lọ ni o, àti àwọn tíréènì ìgbafẹ́. Láti Livingstone, àwọn kan ń fi tíréènì onísíìmù àtijọ́ gbé èèyàn wá sórí afárá nírọ̀lẹ́ kí wọ́n wá jẹun kí wọ́n sì wo oòrùn tó ń wọ̀, owó ẹ̀ kì í ṣe kékeré. Rovos Rail náà ń ti South Africa gbé àwọn olówó wá sí Victoria Falls. Tẹ́ ẹ bá ń retí tíréènì gbogbo ayé tẹ́ ẹ máa ra tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú kẹ́ ẹ fi sọdá láti Zimbabwe sí Zambia, ẹ gbàgbé ìyẹn, ẹsẹ̀ tàbí tasín lẹ máa fi sọdá.

Bungee yẹn, ìyẹn bíbẹ́ tí wọ́n ń so okùn mọ́ èèyàn lẹ́sẹ̀, ńkọ́? Ṣé kò léwu?

Mítà 111 ni èèyàn máa bẹ́, láti àárín afárá, orí sísàlẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọdún mélòó kan lẹ́yìn 1990. Ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn 2011, okùn já mọ́ ọmọbìnrin ará Ọsirélíà kan, ó já bọ́ sínú odò pẹ̀lú okùn lẹ́sẹ̀ ẹ̀, ó sì yè é, ó lúwẹ̀ẹ́ dé etí odò. Lẹ́yìn ìgbà yẹn mínísítà tó ń bójú tó ìrìn-àjò afẹ́ ní Zambia fúnra ẹ̀ lọ bẹ́ kó lè fi han aráyé pé kò séwu. Èmi ò bẹ́, mi ò sì ní bẹ́, àwọn tó bẹ́ ní ó dùn.

Ohun tí mo máa gbà yín níyànjú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ gba ìrìn abẹ́ afárá. Wọ́n máa de bẹ́líìtì mọ́ yín lára, ẹ máa gba ọ̀nà tóóró tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbà lábẹ́ títì, ẹ máa wà láàárín irin gan-an, ẹ máa rí àwọn orí rífẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lù láti ọdún 1905 lọ́wọ́ọ̀wọ́, tẹ́ ẹ bá ṣoríire tí tíréènì bá kọjá lórí yín, ẹ máa mọ ohun tí mò ń wí nípa ìwúwo tó ń gba ara irin lọ sínú àpáta.

Mo wà ní Zimbabwe, mi ò ní fisa Zambia, ṣé mo lè dé orí afárá?

Ẹ lè dé ibẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dé ìmigiréṣọ̀n, ẹ sọ fún wọn pé orí afárá lẹ̀ ń lọ tẹ́ ẹ sì máa padà, wọ́n á fún yín ní bébà kékeré kan tó jẹ́ páàsì afárá, ẹ má sọ ọ́ nù torí ẹ máa fi padà wọlé. Ẹ mú pásípọ́ọ̀tù dání. Láti ìmigiréṣọ̀n dé orí afárá, ìrìn ẹsẹ̀ díẹ̀ ni.

Àwọn tó fẹ́ ti Lagos lọ, kí lẹ máa gbà wọ́n níyànjú?

Addis Ababa, Nairobi tàbí Johannesburg lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbà. Ẹ má gbàgbé yẹ́lò káàdì, torí Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè tí ibà pọ́njú wà, Zambia àti Zimbabwe sì máa ń béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti ibẹ̀ bọ̀, ẹ gba abẹ́rẹ́ náà sílẹ̀ kó tó dọjọ́ ìrìn-àjò dáadáa, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń kọ fún èèyàn létí pápákọ̀ láìgba abẹ́rẹ́. Fún fisa, ojúlé ìmigiréṣọ̀n orílẹ̀-èdè méjèèjì ni kẹ́ ẹ lọ kẹ́ ẹ tó sanwó tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ má tẹ̀ lé ohun tí ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ yín sọ lórí WhatsApp.

Ìgbà wo ló dára jù láti lọ?

Ó dá lórí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ rí. Oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, omi kún dẹ́nu, nínú oṣù kẹrin gan-an ó máa ń pọ̀ débi pé ìkùukùu omi á bo gbogbo ibẹ̀, ẹ lè wà lórí afárá kí omi máa rọ̀ lé yín lórí bí òjò láìsí òjò lójú ọ̀run, ẹ ò sì ní rí omi tó ń já yẹn dáadáa, ariwo ẹ̀ nìkan lẹ máa gbọ́. Oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá ló máa ń fà jù, apá Zambia máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, àpáta lásán lẹ máa rí. Ẹni tó fẹ́ ya fótò afárá, oṣù kẹfà sí ìkẹjọ ni, ojú ọ̀run mọ́, omi ṣì wà. Nígbà tómi bá pọ̀ tí òṣùpá sì yọ kún, òṣùmàrè máa ń yọ lóru níbẹ̀, àwọn ọgbà ìjọba máa ń ṣílẹ̀kùn lálẹ́ nítorí ẹ̀.

Àwọn tó ń tajà lórí afárá, ṣé kí n ra nǹkan?

Tó bá wù yín. Wọ́n máa bá yín rìn, wọ́n máa pè yín ní brother, wọ́n máa na bángù kọ́pà sí yín, àti ère igi kékeré tó dà bí ejò olórí ẹja, Nyaminyami nìyẹn, òrìṣà odò Zambezi lọ́dọ̀ àwọn Tonga. Wọ́n tún ń ta owó Zimbabwe àtijọ́, ẹ máa rí bébà owó kan tí wọ́n kọ tírílíọ́nù 100 dọ́là sí lára, èyí tí wọ́n tẹ̀ nígbà tí owó wọn bàjẹ́ pátápátá. Ẹ nájà dáadáa. Àwọn ìnàkí ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún ju oníṣòwò lọ, wọ́n mọ ohùn ọ̀rá bísíkíìtì, wọn kì í nájà, jíjá ni wọ́n ń já a gbà.

Àmọ́ ẹ tún wo àwọn míì tó ń kọjá níbẹ̀, àwọn obìnrin tó ru ẹrù, àwọn tó di àpò mọ́ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń tì í lọ láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì, wọ́n ń lọ ra ọjà níbi tó ti dínwó. Wọn kì í wo omi.

Ṣé ó jọ reluwé tiwa lọ́nàkọnà?

Ó jọ ọ́. Fífẹ̀ ojú irin tó wà lórí afárá yìí jẹ́ mílímítà 1,067, ìyẹn gan-an náà ni ti ojú irin àtijọ́ tó ti Lagos dé Ìbàdàn ní 1901 tó sì sọdá odò Ọya ní Jẹ́bà lórí afárá tí wọ́n parí ní 1916. Ojú irin tóóró ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn fún wa torí kò náni lówó púpọ̀. Tíréènì tuntun Lagos sí Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ ní 2021, tiẹ̀ fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, mílímítà 1,435, kò lè gba orí afárá Victoria Falls.

Ibo ni mo lè dúró sí kí n rí gbogbo afárá náà lẹ́ẹ̀kan?

Téèyàn bá wà lórí ẹ̀, kò lè rí i, ìyẹn lohun tó ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn, wọ́n á rìn kọjá lórí ẹ̀, wọ́n á ya sẹ́lífì, wọ́n á lọ, wọn ò ní rí ọrun irin yẹn rárá. Ní Zimbabwe, ẹ rìn dé òpin ọ̀nà inú ọgbà Victoria Falls, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń pè ní Danger Point, ẹ máa rí i níbẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Victoria Falls Hotel, tí wọ́n ṣí ní 1904, ní gbàgede kan tó kọjú sí i, ẹ ra tíì, ẹ jókòó pẹ́. Èyí tí mo fẹ́ràn jù wà ní Zambia, ọ̀nà kan ń gba inú igbó ọ̀pẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Boiling Pot, ó ga, òkúta ẹ̀ ń yọ̀, ẹ wọ bàtà tó le, ẹ má mú ọmọ kékeré lọ, ẹ gbé omi mímu dání torí gígòkè padà ló máa fi ojú yín rí màbo. Tẹ́ ẹ bá dé ìsàlẹ̀, ẹ yí ojú sápá ibi tómi ń lọ, kẹ́ ẹ wòkè.